Bàbá Tó Bọ́ Sínú Kòtò Nítorí Ẹja Wẹ́wẹ́

Bí Bàbá mi àgbà bá wọ ilé ẹnikẹ́ni, wọn kì í jókòó kí wọ́n tó dé ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n á kí onílé dáadáa, wọ́n á béèrè àwọn ọmọ, wọ́n á sì máa rìn lọ sẹ́yìn bí ẹni pé ilé baba wọn ni. Wọ́n á ṣí ìdérí àgbá omi. Wọ́n á fi ẹsẹ̀ yí táyà àlòkù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kí omi inú rẹ̀ lè dà nù. Tí wọ́n bá rí tanwíjí, ìyẹn ọmọ ẹ̀fọn tó ń jó nínú omi kó tó hu ìyẹ́, wọn ò ní pariwo. Wọ́n á kàn pe onílé jẹ́jẹ́ pé kó wá wò ó. "Omi tó bá dúró jẹ́ẹ́," ni wọ́n máa ń wí, "ẹnì kan ń gbé inú ẹ̀."

Ràímì Àkànní lorúkọ wọn, ọmọ Ìsẹ́yìn sì ni wọ́n, ṣùgbọ́n ní Ìkòsí wa níbí, agbára káká lẹ fi máa rí ẹni tó mọ orúkọ yẹn. Bàbá Wolé-wolé ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Iṣẹ́ wolé-wolé ni wọ́n ṣe fún ìjọba ìbílẹ̀ títí wọ́n fi fẹ̀yìntì, olórí iṣẹ́ wọn sì ni kí wọ́n gbé páǹpù oògùn apakòkòrò kọ́ ẹ̀yìn, kí wọ́n máa fọ́n ọn sí ilé, sí ọjà, sí gọ́tà, láti Kẹ́tu títí dé Mile 12. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìntì, wọ́n ra páǹpù tiwọn. Àwọn ènìyàn ṣì ń wá wọn wálé pé kí wọ́n wá bá àwọn fọ́n yàrá.

Ilé wọn ni mo ti dàgbà. Ìyá mi, Rónkẹ́, tó jẹ́ àkọ́bí wọn, ní láti lọ ṣiṣẹ́ ní Àbújá, wọ́n sì fi èmi àti àbúrò mi ọkùnrin sílẹ̀ lọ́dọ̀ Bàbá àti Ìyá Àgbà. Títí di òní, láti Ìkòsí ni mo ti ń lọ sí ọ́fíìsì mi ní Mende. Kì í ṣe ìtàn ìgbésí ayé Bàbá ni mo fẹ́ sọ, torí mi ò mọ gbogbo rẹ̀. Ìwà wọn ni mo mọ̀. Mo sì mọ bí wọ́n ṣe yí padà lọ́jọ́ ogbó, ní àsìkò tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà máa ń sọ pé ohun tí àwọn mọ̀ ti tó àwọn.

Nínú ilé wa, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pa ọmọńlé. Ìyá Àgbà kórìíra ọmọńlé bí ẹni kórìíra olè. Tí wọ́n bá rí ọ̀kan lára ògiri pálọ̀, wọ́n á gbá ìgbálẹ̀ mú. Bàbá á sì ké láti ibi tí wọ́n jókòó sí: "Àbẹ̀kẹ́, fi í sílẹ̀ o! Ẹni tó ń bá ọ ṣọdẹ láìgbowó, o ò gbọdọ̀ fi ìgbálẹ̀ lù ú."

Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe sí lámilámi. Ẹ mọ bí àwọn ọmọdé ṣe máa ń mú lámilámi, tí wọ́n á so òwú mọ́ ọn nídìí, tí wọ́n á máa fà á kiri bí ajá. Bàbá ò lè rí i kí wọ́n kọjá. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láàárín àwọn ọmọ náà, wọ́n á ṣàlàyé fún wọn pé kí lámilámi tó ní ìyẹ́, inú omi ló ti dàgbà, tanwíjí ló sì ń jẹ níbẹ̀; pé nígbà tó wá ń fò yìí, ẹ̀fọn ló ń lé kiri. Àwọn ọmọ náà á máa rẹ́rìn-ín. Bàbá ò ní rẹ́rìn-ín. Wọ́n á nawọ́ gba òwú náà, wọ́n á ní, "Ẹ tú u sílẹ̀. Ó ń lọ síbi iṣẹ́."

Àmọ́ wọn ò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, gbogbo ohun tí mò ń sọ yìí ni páǹpù Bàbá ń pa. Oògùn ò mọ ọmọńlé yàtọ̀ sí ẹ̀fọn. Bí wọ́n bá fọ́n ilé tán, àlàntakùn, aáyán, kòkòrò oríṣiríṣi, gbogbo wọn á dùbúlẹ̀ sílẹ̀, Bàbá á sì dúró lẹ́nu ọ̀nà bíi ẹni tó ṣẹ́gun.

Àbúrò mi, Kọ́ládé, ló yí wọn padà, bí ọmọ náà ò tilẹ̀ mọ̀.

Kọ́ládé kò tíì bẹ̀rẹ̀ iléèwé nígbà náà. Orí àyà Bàbá ló ti máa ń sun oorun ọ̀sán. Ní àsìkò òjò kan, ẹ̀fọn pọ̀ ní Ìkòsí débi pé a ò lè jókòó síta nírọ̀lẹ́. Bàbá po oògùn, wọ́n pò ó kó le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Wọ́n fọ́n yàrá wa fúnra wọn: ògiri, àjà, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n sọ fún Ìyá Àgbà pé kò sí ẹ̀fọn tó máa yè é. Ooru ń mú lásìkò yẹn, a sì gba Bàbá gbọ́, la bá ká àwọ̀n ẹ̀fọn kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Kò pẹ́ tí ara Kọ́ládé fi gbóná. Wọ́n gbé e dé ọsibítù, wọ́n ní ibà ni, pé ó ti wọ inú ọpọlọ rẹ̀. Kò padà wálé mọ́.

Bàbá ò sunkún níwájú wa. Lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n wọ yàrá yẹn lọ, wọ́n jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n kọjú sí ògiri. Mo gbé omi lọ fún wọn. Bí mo ṣe dúró síbẹ̀, ẹ̀fọn kan fò wá, ó bà sára ògiri tí wọ́n fọ́n, ó sinmi síbẹ̀ pẹ́ títí, ó sì fò lọ, oògùn ò ṣe é ní nǹkankan. Bàbá nawọ́ sí ibi tó bà sí. Àṣàkẹ́ ni oríkì mi, òun náà ni wọ́n fi ń pè mí.

"Àṣàkẹ́," wọ́n ní, "mo fọ́n ibẹ̀ fúnra mi."

Láti ọjọ́ náà, páǹpù yẹn ò kúrò nílẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá wá bẹ̀ wọ́n níṣẹ́, wọ́n á ní ara àwọn ò le. Ara wọn le.

Lẹ́yìn bí ọdún kan, ọ̀dọ́bìnrin kan wá sí àdúgbò wa láti yunifásítì. Iṣẹ́ ìwádìí nípa ẹ̀fọn ló ń ṣe. Lẹ́yìn ilé wa, kòtò ńlá kan wà tí àwọn oníbúlọ́ọ̀kù ti gbẹ́ iyẹ̀pẹ̀ kúrò nínú rẹ̀, tí wọ́n sì pa tì. Òjò ti sọ ọ́ di adágún. Ibẹ̀ ni Bàbá ti bá ọ̀dọ́bìnrin náà, ó ń fi ìpọnmi bu tanwíjí sínú ìgò. Wọ́n bi í léèrè ẹni tó rán an. Ó kúnlẹ̀ kí wọn nínú ẹrẹ̀ níbẹ̀, ó sì ṣàlàyé ara rẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, ó ti ń jẹun ní pálọ̀ wa. Aunty Dókítà la sọ ọ́.

Ó tọ́ àwọn tanwíjí náà nínú abọ́ lórí fàráńdà wa títí wọ́n fi di ẹ̀fọn. Lẹ́yìn náà, ó kó wọn sínú ìgò gbọọrọ kan tó ti fi bébà olóògùn tẹ́ inú rẹ̀. Oògùn ara bébà náà, irú èyí tí Bàbá ti fọ́n láti ìgbà èwe wọn ni. Aunty Dókítà ní ká dúró díẹ̀. Bàbá gbé àga sún mọ́ ọn, wọ́n fi ojú sí ìgò náà bí ẹni ń yọjú wo inú ilé onílé. Àwọn ẹ̀fọn tó yẹ kó ti ṣubú ń rìn lórí bébà olóògùn bí ẹni tó ń najú.

"Ṣé oògùn náà ò tíì pé ni?" Bàbá béèrè.

"Ó pé, Bàbá. Kò ràn wọ́n mọ́ ni."

"Láti ìgbà wo?"

"Díẹ̀díẹ̀ ni. Tí ẹ bá fọ́n oògùn, ọ̀pọ̀ á kú, àmọ́ ìwọ̀nba tí ara wọn le á yè. Àwọn tó yè yẹn ló máa bímọ, ọmọ wọn náà á sì le bíi tiwọn. Tí ẹ bá tún wá fọ́n ọn lé àwọn yẹn lórí..."

Bàbá gbọ́wọ́ sókè pé ó tó. Aunty Dókítà ní kí wọ́n má fi ṣe ẹ̀bi ara wọn, pé àgbẹ̀ ń fọ́n ọn sí ẹ̀fọ́, ọlọ́jà ń fọ́n ọn, onílé ń fọ́n ọn, kì í ṣe páǹpù ẹnì kan ló dá a sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ò wọ Bàbá létí.

"A jẹ́ pé gbogbo ìgbà tí mò ń fọ́n ọn," wọ́n ní, "èmi ni mò ń bá wọn ṣa akọni nínú ọmọ wọn."

Ṣùgbọ́n Bàbá kì í jókòó ti ìbànújẹ́ pẹ́. Lọ́jọ́ kejì, bí Aunty Dókítà ṣe ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti ju ìbéèrè lù ú: "Ọmọ mi, ohun gbogbo tí Ọlọ́run dá ló ní ohun tó ń jẹ ẹ́. Kí ló ń jẹ ẹ̀fọn?"

Aunty Dókítà bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, ohun tí mò ń wá kiri gan-an nìyẹn."

Ó sọ fún wọn nípa ẹja wẹ́wẹ́ tó máa ń jẹ tanwíjí lójú omi. Ó sọ nípa ìyẹ̀fun kan tí wọ́n fi kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀ ṣe: bí tanwíjí bá jẹ ẹ́, inú rẹ̀ á bàjẹ́, kò sì ní ṣe ẹja tàbí ènìyàn ní nǹkankan. Ìyẹn wà fún gọ́tà tí ìdọ̀tí ò jẹ́ kí ẹja lè gbé. Ó tún kìlọ̀ pé èyíkéyìí nínú wọn ò ní kí ènìyàn má ta àwọ̀n sórí bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tó mẹ́nu ba àwọ̀n, Bàbá yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ìjà wá bẹ́ sílẹ̀ nínú ilé wa, torí oògùn ẹ̀fọn ni Ìyá Àgbà ń tà. Ṣọ́ọ̀bù wọn wà ní Kẹ́tu: oògùn olómi, alágolo, èyí tí à ń tanná ràn tó ń rú èéfín, gbogbo rẹ̀ kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Tẹ́lẹ̀, Bàbá máa ń jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù náà nírọ̀lẹ́, àwọn oníbàárà á bi wọ́n pé èwo ló dáa jù, torí wọ́n mọ̀ wọ́n sí wolé-wolé. Ní báyìí, bí oníbàárà bá béèrè, Bàbá á ní, "Ẹ̀fọn àdúgbò yín ti gbó sí gbogbo èyí. Ẹ lọ ta àwọ̀n."

"Bàbá Rónkẹ́," ni Ìyá Àgbà wí lọ́jọ́ kan, "ẹ jọ̀wọ́, ẹ dìde níwájú ṣọ́ọ̀bù mi."

"Òótọ́ ni mò ń sọ, Àbẹ̀kẹ́."

"Ẹ gbé òótọ́ yín lọ síwájú ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn!"

Wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Èmi ni wọ́n ń rán níṣẹ́ sí ara wọn, nínú pálọ̀ kan náà. "Àṣàkẹ́, sọ fún bàbá ẹ pé oúnjẹ ti délẹ̀." Bàbá á dáhùn láti orí àga tí ò jìnnà: "Sọ fún ìyá ẹ pé etí mi ò di." Mi ò mọ ọjọ́ tí ìjà náà parí. Mo kàn rí i pé Ìyá Àgbà ń ra àwọ̀n ẹ̀fọn àti nẹ́ẹ̀tì ojú fèrèsé sínú ṣọ́ọ̀bù, tí àwọn oògùn ń dín kù lórí pẹpẹ. Nígbà tí ọ̀rẹ́ wọn kan béèrè ohun tó fà á, Ìyá Àgbà mí kanlẹ̀. "Ọkọ mi ò jẹ́ kí n tajà," wọ́n ní, "kò sì jẹ́ kí n parọ́."

Ẹpìyà ni Bàbá kọ́kọ́ dà sínú kòtò ẹ̀yìn ilé wa. Ọ̀dọ̀ ẹnì kan tó ń sin ẹja ni wọ́n ti rà á. Àwọn ẹja náà jẹ tanwíjí lóòótọ́, wọ́n sanra, wọ́n dàgbà, àdúgbò sì rí wọn. Bàbá dé ibẹ̀ lọ́jọ́ kan, wọ́n bá ìwọ̀ lọ́wọ́ àgbà, ìwọ̀ lọ́wọ́ ọmọdé. Òórùn ẹja díndín gba gbogbo òpópónà wa nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Inú bí Bàbá débi pé wọn ò kí ẹnikẹ́ni padà láti mọ́ṣáláṣí. Àmọ́ nígbà tí inú wọn rọ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí á wá èyí tí ẹni tó ń dáná ò ní kà sí. "Ẹja tí kò dùn," wọ́n ní, "ló máa ń pẹ́ láyé."

Ìdí tí a fi lọ sí Agbóyì, abúlé àwọn apẹja tó wà létí odò Ògùn, nìyẹn. Aunty Dókítà ti sọ pé a ò gbọdọ̀ kó ẹja ilẹ̀ òkèèrè wá, torí ó lè jẹ àwọn ẹja tiwa run. Nínú odò Ògùn wa náà, oríṣi kan wà tí kì í gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Èmi àti òun àti Bàbá la wọ ọkọ̀ ojú omi. Ohun kan tí mi ò mọ̀ nípa Bàbá títí di ọjọ́ yẹn ni pé omi ń bà wọ́n lẹ́rù. Wọn ò mọ̀ ọ́n wẹ̀ rárá. Wọ́n di etí ọkọ̀ mú lọ́tùn-ún lósì, wọ́n ń ṣe àdúrà lábẹ́lẹ̀, wọn ò wo ẹ̀gbẹ́.

Apẹja tí a bá lọ́hùn-ún jẹ́ àgbàlagbà bíi tiwọn. "Èwo lẹ fẹ́?" ló béèrè. "Àrọ̀ ni àbí ẹpìyà?"

"Èyí tó kéré jù," Bàbá dáhùn.

"Èyí tí à ń dà padà sódò?"

"Òun gan-an."

Apẹja náà rẹ́rìn-ín títí ọkọ̀ fi ń mì, tí Bàbá ń pariwo pé kó rọra. "Ọmọ Ìsẹ́yìn wá ra ẹja tí ológbò ò ní bẹ̀rẹ̀ mú!" ló ń wí, torí ó ti dá ohùn ìlú Bàbá mọ̀. Bàbá ò bínú. Inú kéègì tí a ti là lẹ́nu ni wọ́n kó ẹja náà sí, wọ́n sì gbé e lé ẹsẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ márúwá títí dé Ìkòsí, wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu rẹ̀ ní gbogbo ibi tí kòtò bá wà lójú títì. Obìnrin kan tó jókòó tì wọ́n yọjú wo inú kéègì, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ sè é ni?" Bàbá ní, "Rárá o. Òṣìṣẹ́ tuntun ni wọ́n."

Ohun tí àwọn ará àdúgbò máa ń rántí Bàbá fún jù lọ, inú kòtò yẹn ló ti ṣẹlẹ̀.

Alága ẹgbẹ́ àwọn lándíọ́ọ̀dù wa kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ìyàwó wọn lóyún lọ́dún yẹn, ibà sì dá a gúnlẹ̀ débi pé ọsibítù ló ti lo ọ̀pọ̀ ọjọ́. Nígbà tí wọ́n gbé e wálé, Alága búra pé kò ní sí ẹ̀fọn kankan nítòsí ibi tí ìyàwó àwọn ń sùn. Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, wọ́n kó àwọn afọ́noògùn wá pẹ̀lú páǹpù lẹ́yìn wọn, wọ́n ní kí wọ́n da oògùn bo gbogbo kòtò náà. Bàbá gbọ́, wọ́n jáde. Mo sáré tẹ̀lé wọn.

"Alága, ẹ jọ̀ọ́," Bàbá wí, "ẹ má dà á síbẹ̀. Ẹja tó ń bá wa jẹ tanwíjí wà nínú ẹ̀. Oògùn yẹn á pa ẹja, kò sì ní pa ẹ̀fọn."

"Bàbá, ìyàwó mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Ẹja lẹ wá ń sọ fún mi?"

"Mo mọ̀ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kú."

"Ẹ ò mọ̀! Ṣebí oògùn yìí kan náà lẹ fi jẹun látọjọ́ táláyé ti dáyé? Ta ló kọ́ wa pé ká máa fọ́n ọn? Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin ni?"

"Èmi ni," Bàbá dáhùn. "Ohun tí mo kọ́ yín kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ọmọ ọmọ mi ni mo fi mọ̀."

Alága wo ilẹ̀ díẹ̀, àmọ́ ẹ̀rù ìyàwó wọn ju ọ̀rọ̀ yẹn lọ. Wọ́n mi orí sí àwọn afọ́noògùn pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Bàbá bọ́ bàtà. Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́. Kí n tó mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, Bàbá tí odò Agbóyì ń dẹ́rù bà ti bọ́ sínú kòtò náà. Wọ́n rìn lọ títí omi fi dé ìbàdí wọn, aṣọ wọn léfòó yí wọn ká.

"Bàbá, ẹ jáde!" mo kígbe.

"Ẹ fọ́n ọn," wọ́n ní. Ohùn wọn ò le, ó sì ń gbọ̀n. "Ẹ fọ́n ọn bẹ́ẹ̀. Èmi àtàwọn ẹja la jọ wà níbí."

Ọ̀kan nínú àwọn afọ́noògùn sọ páǹpù rẹ̀ kalẹ̀. "Ọ̀gá, èmi ò lè fọ́n oògùn lé bàbá arúgbó lórí o." Àwọn ènìyàn ti ń pé jọ. Ìyá Àgbà sáré dé láti inú ilé, wọ́n dúró sétí kòtò, wọ́n wo ọkọ wọn nínú omi.

"Bàbá Rónkẹ́, ṣé orí yín pé báyìí?"

"Ó pé."

"Ó dáa." Ìyá Àgbà bá jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n na ẹsẹ̀ síwájú àwọn tó gbé páǹpù.

Mo pe Aunty Dókítà lórí fóònù, mo gbé ohùn rẹ̀ síta kí gbogbo wa lè gbọ́. Ó ní ká má wulẹ̀ jà, ká fi abọ́ funfun bu omi kòtò yìí, ká sì bu omi ibòmíràn tí wọ́n ti fọ́n láìpẹ́, ká fojú ara wa wò ó. Alága gbà. Fáńdéṣọ̀n ilé kan tí wọ́n pa tì wà nísàlẹ̀ òpópónà, tí ẹgbẹ́ wọn ti fọ́n ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú. Wọ́n bu omi ibẹ̀ wá. Tanwíjí ń jó nínú rẹ̀ bí ìrẹsì tó ń hó. Wọ́n bu omi láàárín kòtò, nítòsí ibi tí Bàbá dúró sí. Ó mọ́ lóló. Àwọn kan ti fẹ́ máa pàtẹ́wọ́.

Ṣùgbọ́n Alága gba abọ́ náà, wọ́n lọ sí ẹ̀bá, níbi tí koríko ti tẹ̀ wọ inú omi, wọ́n bu tiwọn níbẹ̀. Tanwíjí wà nínú rẹ̀. Kò pọ̀ bíi ti fáńdéṣọ̀n, àmọ́ ó wà. Wọ́n na abọ́ náà sí Bàbá.

"Èyí ńkọ́? Ṣé àwọn ẹja yín ò rí ìyẹn ni?"

Bàbá wo inú abọ́ náà pẹ́. Mo ń bẹ̀rù pé wọ́n á jiyàn, torí alágídí ni wọ́n. "Ẹja ò lè wọ inú koríko," wọ́n ní. "Ó yẹ kí n ti rò ó. Mi ò rò ó. Ẹ jàre, Alága."

Ojú Alága yí padà. Wọ́n ti múra ìjà, ìjà ò sì wá. Wọ́n gbé abọ́ sílẹ̀, wọ́n ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò wọn sókè, wọ́n na ọwọ́ sí Bàbá láti fà wọ́n gòkè. "Ẹ jáde nínú omi, Bàbá. Òtútù á mú yín," wọ́n ní. "Ibo ni àdá wà?"

Ọjọ́ yẹn ni gbogbo àdúgbò ṣán koríko kòtò náà. Àwọn afọ́noògùn náà bá wa ṣán an. Ìyẹ̀fun tí Aunty Dókítà mú wá la fi sí gọ́tà, Ìyá Àgbà sì gbé àwọ̀n lọ fún ìyàwó Alága, wọ́n bá a ta á sórí bẹ́ẹ̀dì fúnra wọn. Ó bí ọmọ rẹ̀ ní àlàáfíà. Mi ò ní parọ́ pé ẹ̀fọn tán ní Ìkòsí. Kò tán. Ṣùgbọ́n a tún bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó síta nírọ̀lẹ́, àwọn ìyá ọlọ́mọ kò sì sáré lọ sí ọsibítù léraléra bíi ti tẹ́lẹ̀. Nígbà tí odò Ògùn kún àkúnya, tí omi wọ ilé wa tí a ń gbé àga lé orí tábìlì, ẹja Bàbá bá àgbàrá lọ pátápátá. Mo rò pé ọkàn wọn á bàjẹ́. "Omi ló kó wọn lọ," wọ́n ní, "omi náà la ó ti lọ kó òmíràn." Alága ló bá wọn lọ sí Agbóyì lọ́tẹ̀ yẹn.

Àìsàn tó mú Bàbá lọ kì í ṣe ibà. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún wọn ló kọ́kọ́ kọ̀ láti gbé, ọ̀rọ̀ sì wá wúwo lẹ́nu wọn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mò ń gé èékánná wọn ní fàráńdà, wọ́n pè mí.

"Àṣàkẹ́, tí mo bá kú, wọ́n á máa yìn mí."

"Ó tọ́ sí yín, Bàbá."

"Má jẹ́ kí wọ́n yìn mí kọjá ààlà." Wọ́n sinmi díẹ̀ kí wọ́n tó parí rẹ̀. "Òkú ò lè tún ọ̀rọ̀ ṣe."

Òwúrọ̀ Jímọ́ọ̀ ni wọ́n dákẹ́, a sì sin wọ́n kí oòrùn tó wọ̀. Níbi àdúrà fìdáù wọn, èrò kún ojúlé wa débi pé àwọn kan dúró sí òpópónà. Ààfáà wàásù dáadáa. Àmọ́ nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n parí, wọ́n ní ẹni tí à ń ṣàdúrà fún yìí kò ṣi ẹsẹ̀ gbé rí láyé rẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí ẹnì kan nínú ìdílé sọ̀rọ̀. Ìyá mi ń sunkún, wọn ò lè dìde. Mo bá dìde.

Mo ní, "Ẹ foríjì mí, Ààfáà. Bàbá mi àgbà ṣi ẹsẹ̀ gbé. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi kọ́ wa ní ohun tí kò ṣiṣẹ́ mọ́, ó sì dé ilé wa, ó mú ọmọ lọ nínú wa. Nígbà tí wọ́n mọ̀, wọn ò fi pamọ́. Wọ́n ti darúgbó, wọ́n sì tún ìrìn wọn rìn láti ìbẹ̀rẹ̀, lójú gbogbo yín. Kí Ọlọ́run gba ìrìn náà lọ́wọ́ wọn."

Ààfáà bojú wolẹ̀. Ọmọ ìjọ Kìrìsìtẹ́nì ni Ìyá Àgbà, láti ìgbà tí wọ́n sì ti fẹ́ Bàbá, wọn kì í dá sí àdúrà àwọn Mùsùlùmí. Ńṣe ni wọ́n máa ń jókòó jẹ́jẹ́ títí a ó fi ṣe é tán. Ọjọ́ náà, àárín àwọn obìnrin ni wọ́n jókòó sí, gèlè dúdú lórí wọn. Kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu, àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ gbóhùn sókè, tó já geere dé òpópónà: "Àmín!"